"A Dúpẹ́" Kò Ṣílẹ̀kùn

Fóònù tó ń tọ́jú ọkàn Morẹ́nikẹ́ aránṣọ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un láràárọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀.

"Báwo lọkàn yín, mà?"

"A dúpẹ́."

"Ẹ ń fi nǹkan pa mọ́. Ohun tẹ́ ẹ sọ lánàá náà nìyẹn."

Àwọn oníbàárà sì ti ń dúró. Ni Morẹ́nikẹ́ bá fi ohùn ẹkún sọ pé ọkọ òun kò sùn sílé. Fóònù bá a kẹ́dùn títí, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu.

Bàbá Ìbídùn, ọkọ rẹ̀, tó jókòó tì í tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, gbójú sókè. "Èmi ni mi ò sùn sílé?"

"Ẹ má bínú. Kí lẹ̀yin sọ fún fóònù tiyín?"

"Mo ní o ti kú. Ó ti bá mi gbàyè ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́."