Màlúù Tó Jẹ Òrùlé Àna Rẹ̀

Àlọ́ mi já wọ̀ọ̀, ó já sínú ikùn Màlúù.

Màlúù fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Ó ní ẹni tó ń lọ sílé àna kì í jẹ koríko, àgbàdo nìkan ló yẹ òun. Ewúrẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi koríko díẹ̀ sí i.

"Koríko? Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

Nígbà tí òun àti Ewúrẹ́ fi dé ilé àna, ikùn Màlúù ti wú bí àgbá. Ó ní kí òun dọ̀bálẹ̀, ikùn kanlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kanlẹ̀. Ló bá figbe orin bọnu, Ewúrẹ́ ń gbè é:

Àna mi, mo wá kí yín — Rùgùdù
Ikùn ò jẹ́ n dọ̀bálẹ̀ — Rùgùdù
Àgbàdo ló kún inú mi — Rùgùdù

Àánú ṣe Ewúrẹ́. Ó fa koríko gbígbẹ yọ lára òrùlé àna, ó fi bọ́ ọ. Màlúù jẹ ẹ́, ó jẹ àpọ̀jẹ, ó gùnfẹ̀, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún fà sí i. Ìgbà tó fi máa rí ara dọ̀bálẹ̀, oòrùn ti ń pa àna lórí nínú yàrá.

Wọ́n fún un níyàwó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Màlúù bá ń bọ̀, koríko ni àna fi ń pàdé rẹ̀ lọ́nà, kó má baà gbójú sókè.