Ohun tó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Bí ọkàn yín ò bá gbà á mọ́ láàárín, ẹ mu omi kí ẹ sì padà wá, torí ìparí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

1.

Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Kì í pariwo, kì í fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ, ìgbéraga míì wà tí kì í lo ẹnu. Ohun tó dùn mọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí jù láyé ni kí èèyàn fojú tín-ín-rín òun, kí òun sì wá dójú ti olúwa rẹ̀ ní gbangba.

Bàbá rẹ̀ tó ti kú fi ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin kan sílẹ̀ fún un. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dípẹtà. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé wọn wà, géètì wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà jáde gbọ́dọ̀ tẹ tọ́tù, ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, títí á fi kanlẹ̀, kó tó lè wọ́ gòkè. Inú ọkọ̀ yìí ni ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń di géètì mú fún un lókè, á máa ké sí i pé, "Ìyàwó mi, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀lẹ ni ọkọ̀ ọkọ mi yìí." Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ìyá yìí fẹ́ràn aya ọmọ rẹ̀ ju ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì fi bò.

2.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé ọkọ̀ olówó ńlá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo ọkọ̀ àtijọ́ náà níwájú àwọn èèyàn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ bá ti sin òkú ọkọ̀ yìí pọ̀ mọ́ bàbá yín."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ta tapólì yí ọkọ̀ náà ká.

Oṣù márùn-ún ló fi dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó lágbára ní ìlọ́po mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Ó tún sàlẹ́ńsà ṣe kó má baà bú ramúramù, kó kàn máa wúkọ́ bíi tàtijọ́. Kò fọwọ́ kan ọ̀dà. Kódà kò nu eruku ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ó wá kan ìjánu. Ìjánu tó lè dá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ dúró kò lè wọ inú rímù kékeré, bó bá sì gbé rímù ńlá sí i, gbogbo ayé á fura. Ó gbé ìjánu àtijọ́ náà dání, ó wò ó, ó sì dá a padà síbẹ̀. Ó mọ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ó ránṣẹ́ sí oníbàárà yẹn pé kí àwọn pàdé ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn jọ sáré. Ó gbé ọkọ̀ náà padà sílé, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo kàn tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe díẹ̀ ni."

3.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Ọkọ mi, ojú tún ń yọ Màmá lẹ́nu. Ṣé kí n fi ọkọ̀ Bàbá gbé wọn lọ sí ọsibítù?"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rò ó. Bí òun bá ní rárá, ìyàwó òun á béèrè ìdí. Bí òun bá sì sọ ìdí, á sọ fún Màmá, Màmá á sì fi dápàárá ká gbogbo àdúgbò kí Sátidé tó pé.

Ó ní, "Gbé e. Ṣáà rọra wà á."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lọkọ̀ yẹn ò rọra rí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Kò sọ ọ́.

Màmá gòkè lọ, ó ṣí géètì, ó dúró tì í. Ìyàwó tẹ tọ́tù títí ó fi kanlẹ̀, bó ṣe ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá. Ọkọ̀ náà fò. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìjánu, ìjánu ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò dúró. Ó gbá Màmá mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ géètì. Màmá ò ráyè pariwo.

4.

Àwọn ọlọ́pàá wo ọkọ̀ náà lóde, wọ́n ní awakọ̀ ló ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ obìnrin pe ẹbí jọ, ó ní obìnrin yìí ló pa ìyá àwọn.

Ìyàwó ní, "Àǹtí, ọkọ̀ yẹn ló fò." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fi sí i?"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì bàbá mi náà ni."

Wọ́n ní kí ìyàwó náà padà sílé bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ, láti mú báàgì Màmá tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ó bá bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí, ọkọ rẹ̀ ń tú ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Aya mẹkáníìkì ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bi yín níwájú gbogbo wọn, ẹ mọ̀."

Ọkùnrin náà ń tú ẹ́ńjìnnì lọ. Obìnrin náà mú báàgì, ó lọ bá Àǹtí. Nígbà tí Àǹtí fi máa gbà láti bá a wá wò ó lọ́jọ́ kẹta, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti padà sáyè rẹ̀, tòun ti ìpẹtà. Àǹtí wò ó, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà. Obìnrin náà ò wo Àǹtí. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ó ń retí kó sọ̀rọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ṣáà ti rí i."

5.

Obìnrin náà ò padà mọ́. Kò lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ títí dòní.

Àǹtí ń bọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Á gbé oúnjẹ wá, á ní kó kúnlẹ̀ kí àwọn gbàdúrà. Á ní, "Ẹni tó fa ikú ìyá wa, kò ní rójú, kò ní ráyè."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ á ní, "Àmín."

"Kò ní rí ẹni tó máa sin ín."

"Àmín."

Bí kò bá ṣàmín kíkankíkan, Àǹtí á ní kó tún un ṣe.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá fi ohun tó léwu pamọ́ kí o lè gba ìyìn ọjọ́ kan, sọ fún àwọn ará ilé rẹ lónìí, kí ẹ tó jáde. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ tán, má di ẹ̀bi rẹ lé ẹni ẹlẹ́ni lórí. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.