Ajá Ẹ̀yìn Ògiri

Gàníyù Odùkọ̀yà bọ́ lọ́wọ́ ìkíni lọ́dún 1987, nígbà tó kó kúrò ní agboolé wọn ní Awoyaya. Lọ́hùn-ún, bí èèyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ará ilé mẹ́fà á ti bèèrè ohun tó jẹ lánàá. Ní ilé tuntun tí ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un ní Lẹ́kkí, ó lè wúkọ́ títí di ọ̀la, kò sẹ́ni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ògiri gíga yí i ká, ìgò fífọ́ wà lórí ògiri. Ìgbádùn dé.

Ọmọ náà kọ̀wé láti Lọ́ndọ̀nù pé kí bàbá òun ra ajá nítorí olè. Ajá kẹ̀? Mùsùlùmí tó ń kírun márààrún? Gàníyù ní kí wọ́n kọ "Ẹ ṣọ́ra, ajá wà níbí" sára géètì, ó sì ń gbó fúnra rẹ̀. Bó bá ti kírun àsárì tán, á jókòó sẹ́bàá ògiri, á wọ̀tún wòsì, á ní, "Háù! Háù-háù!"

Ní ọjọ́ kẹta, ajá ilé kejì dá a lóhùn.

Opó kan ló ni ilé náà, Àlájà Sìdíkàt, tí Gàníyù kò rí ju gèlè rẹ̀ lọ nínú mọ́tò. "Ẹni tó ti dé Mẹ́kà ló ń sin ajá!" Gàníyù mirí. Ṣùgbọ́n ajá náà lóhùn ńlá, ó sì gbọ́n. Bí Gàníyù bá gbó lẹ́ẹ̀mejì, òun náà á gbó lẹ́ẹ̀mejì. Lóṣù ààwẹ̀, kì í dáhùn àfi lẹ́yìn ìṣínu. Kò pẹ́ tí Gàníyù fi ní gbígbó ẹ kú àárọ̀, ó ní ti ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó sá fún ìkíni wá ń kí ajá, inú rẹ̀ sì ń dùn gan-an ni.

Nígbà tó di ọyẹ́ ọdún kejì, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lọ́jọ́ kan, kò gbó. Lọ́jọ́ kejì, kẹ́kẹ́ pa. Ní ọjọ́ kẹta, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Gàníyù mọ́. Bí ajá yìí bá kú, ta ló kù tó máa mọ̀ bóyá òun jí?

Ó kó eegun ewúrẹ́ sínú abọ́, ó sì kan géètì ilé kejì fún ìgbà àkọ́kọ́. Àlájà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ìborùn wé ọrùn.

"Ẹ kú ilé o, Àlájà. Mo ní kí n wá wo ajá yín ni. A ò gbóhùn ẹ̀ mọ́."

Àlájà wo eegun, ó wolẹ̀, ó wúkọ́, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síni létí lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi bẹ ajá yín kó má bínú, ọyẹ́ ló gba ohùn lọ́fun mi."