Nọ́ọ̀tì Tí Kò Tíì Ké

Ọ̀gá Dèéle ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń lọ sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin láti lọ yẹ ọkọ̀ wọn wò. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Dèéle, nítorí pé nọ́ọ̀tì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dè, kò sẹ́ni tó máa tú u tí kò ní làágùn. Òun náà máa ń sọ pé nọ́ọ̀tì tí kò bá tíì ké, kò tíì le.

Ohun tó ń rí i lára nínú ilé náà pọ̀. Adìẹ ni àna rẹ̀ ń sìn. Ọkùnrin náà á jáde láti inú ọgbà adìẹ pẹ̀lú ìyẹ́ nínú irùngbọ̀n àti ìgbẹ́ ní bàtà, bẹ́ẹ̀ náà láá ṣe wá dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀. Inú ọkọ̀ tún burú jù ú lọ. Ẹyin tó fọ́ ti jẹrà sínú kápẹ́ẹ̀tì, bí Dèéle bá sì ṣílẹ̀kùn, èébì á fẹ́ gbé e.

Ìyẹn ṣì ṣeé gbà mọ́ra. Èyí tí kò ṣeé gbà ni nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó de páìpù epo mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Kò sí Sátidé kan tí kì í bá wọn ní dídẹ̀. Á dè wọ́n títí wọ́n á fi ké, ṣùgbọ́n tó bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, sípánà á yí wọn bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé orí sókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló tún tú nọ́ọ̀tì yìí?"

Àna rẹ̀ kọ́kọ́ wo ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé tíì bọ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ọwọ́ tí o fi ń kó ìgbẹ́ adìẹ náà lo tún ń tì bọ ẹ́ńjìnnì! Ọmọ mi ń gbé oyún oṣù méje jókòó sínú ọkọ̀ yìí. Bí epo bá jò sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ṣé adìẹ rẹ ló máa bá mi pa iná?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ẹ má bínú, ẹ má bínú! Ẹnu rẹ ò mọ̀ ju ìyẹn lọ."

Ọmọ rẹ̀ gbé ife tíì fún un. Aṣọ ló fi di ife náà mú, nítorí gbígbóná. Dèéle fi ọwọ́ lásán gbà á, ó sì dì í mú títí ó fi mu ún tán. Ó rí èékánná ọmọ náà tí wọ́n gé dé ẹran, ó rí ìdọ̀tí dúdú tó há sí etí wọn, ó sì gbójú kúrò. Ọmọ tó lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà kékeré kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dọ̀tí, ọ̀bùn yìí ti sọ ọ́ di akógbẹ́ adìẹ.

"Bàbá," ọmọ náà ní, "wọ́n ní ìwé ọkọ̀ máa ń sọ bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀tì le mọ."

"Ọwọ́ mi ni ìwé. Ogójì ọdún! Lọ kó ẹrù rẹ."

"Ẹrù wo?"

"Ò ń bá mi lọ sílé lónìí. Àgbà kì í wà lọ́jà… Mi ò ní fẹ̀yìn tì kí n máa wo ọmọ mi kó jóná."

Ó padà sídìí nọ́ọ̀tì. Ó ti irin gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara fà á. Èkíní ké. Èkejì ké, ẹ̀kẹta náà ké. Ẹ̀kẹrin dún kàù, ó sì dákẹ́. Èyí ló dùn mọ́ ọn nínú jù. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde báyìí," ni àna rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, Bàbá," ni ọmọ náà wí.

"Wo kí ni? Ìwọ? Wọ ọkọ̀, jàre."

Ọmọ náà jókòó tì í nínú ọkọ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó sì yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀. Dèéle rò pé nítorí òórùn ẹyin ni. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó rí àna rẹ̀ nínú dígí tó ń sáré tẹ̀ lé wọn, korobá yanrìn lọ́wọ́, ìyẹ́ adìẹ ń fò lára rẹ̀.

"Ẹ wo wèrè," ó ní, ó sì tutọ́ síta.

Wọn ò tíì dé ìparí àdúgbò tí òórùn epo fi gba inú ọkọ̀. Ọmọ náà na ọwọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa ọkọ̀.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Bàbá. Kíá!"

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Epo ti ṣàn káàkiri. Ẹsẹ̀ páìpù ti sán níbi nọ́ọ̀tì kẹrin, rọ́bà tó sì yẹ kó dí ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ti já sí méjì. Àna rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó da yanrìn sórí epo tó wà nílẹ̀.

"Rọ́bà ayédèrú lo rà sí i!" ni Dèéle pariwo mọ́ ọn. "Ọ̀bùn! Ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú sípánà kan jáde, irú èyí tó máa ń dún tá bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì tòun ti ikùn rẹ̀: "Èmi ni mo máa ń tú ohun tí ẹ bá dè, Bàbá, tí mo sì máa ń fi èyí dè é padà níwọ̀n, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ẹ bá ti lọ tán, ọkọ mi ò mọ nọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí ẹyin."