Onígbàjámọ̀ Tó Fi Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Rẹ̀ Ṣe Àyẹ̀wò

Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ẹ̀tàn ni àléébù onígbàjámọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí ọmọ jòjòló lè sùn lọ bó bá ń fá orí rẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ fárí láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá ti rí abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀.

Àìsàn ọpọlọ kan ti dà á láàmú rí: lónìí, ayọ̀ àyọ̀jù tí kì í jẹ́ kó sùn, lọ́la, ìbànújẹ́ tí kì í jẹ́ kó dìde. Oògùn lítíọ́ọ̀mù ló tún ayé rẹ̀ ṣe. Iyọ̀ ni, inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á. Iṣẹ́ Olódùmarè mà pọ̀ o! Ṣùgbọ́n bó bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, kò ran àìsàn náà. Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, májèlé ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kó máa wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ àbúrò rẹ̀, tó jọ ọ́ bí ìbejì, pé kó lọ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dípò ti òun. Àbúrò kọ́kọ́ kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ, ẹ̀jẹ̀ mi, ọ̀kan náà ni.”

Àbúrò bá gbà, ó lọ. Èsì dé, kò sí oògùn rárá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà béèrè lọ́wọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó búra pé òun ń lò ó lójoojúmọ́, òótọ́ sì ni. Dókítà bá fi kún oògùn rẹ̀. Àbúrò tún lọ, èsì tún ṣófo, wọ́n tún fi kún un. Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Kò pẹ́, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ó ní, “Dókítà, ẹ dákun, ẹ̀jẹ̀ mi lẹ ti ń yẹ̀ wò. Èmi ò lo oògùn kankan rí.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìgò tí kò ju ìka lọ, ó jẹ́rìí pé oògùn náà ti pọ̀ dé ìwọ̀n májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó yè. Ó yè, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yéé gbọ̀n. Kò tún fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni títí dòní. Ẹlòmíràn ló ń fá tirẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí ṣàríkọ́gbọ́n. Ìyá kan náà lè bí wa, ẹ̀jẹ̀ oníkálukú ló ń sọ tẹnu rẹ̀, kò sì mọ irọ́ pa. Bí abẹ́rẹ́ bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ ọ́ jáde, wọn á dì yín lọ́wọ́ mú. Ẹni tó bá tan oníṣègùn rẹ̀ jẹ, ara rẹ̀ ló tàn.