Omi Wúrà fún Ẹsẹ̀ Vaithilingam

Dókítà sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: bí egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún Vaithilingam kò bá jiná kí ọdún ìkórè Pongal tó dé, òun yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣàánú ẹni. Bẹ́ẹ̀ ahunṣọ ni Vaithilingam ní ìlú Kumbakonam ní Íńdíà. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ òfì, òfì yìí náà ló sì fi rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo dé yunifásítì.

Poongothai ni ọmọ náà ń jẹ́. Ní yàrá ìwádìí tirẹ̀, omi ewé ni wọ́n fi ń sọ fàdákà di ẹ̀rún tí ojú kò lè rí, kí ó lè máa pa kòkòrò inú egbò. Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ìwádìí ilẹ̀ Tamil ló ti ṣe ti fàdákà títí ó fi sú ènìyàn. Poongothai ní wúrà ni tòun. Ó ní kí ìyá rẹ̀, Amirtham, já efinrin àgbàlá fún òun. Ìyá kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewé náà kó tó já a, torí ewé mímọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Poongothai sè é, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sínú omi tí wọ́n ti yọ́ wúrà sí. Kí ó tó mu kọfí rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí omi ìṣápá. Kòkòrò tó kán an lé lórí kò rí ọjọ́ kejì.

Wọn kò tíì gbà á láyè pé kí ó lò ó fún ènìyàn, ó sì mọ̀. Ó rọ díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e relé fún bàbá rẹ̀.

"Appa, ẹ gbà. Fún ẹsẹ̀ yín ni. Láàárọ̀ àti lálẹ́ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yẹ̀."

"Kí lèyí náà tún ni? Oògùn ti kún inú mi dẹ́nu."

"Èyí kì í ṣe oògùn lásán. Wúrà ni."

"Wúrà bíi ti ọrùn ìyá ẹ?"

"Wúrà gidi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà, ó gbé e kan iwájú orí. "Àṣé mo bímọ! Má ṣèyọnu, kò ní yẹ̀."

Kò sì yẹ̀. Vaithilingam kì í fọwọ́ kan ìgò náà láìjẹ́ pé ó ti wẹ̀. Inú Poongothai dùn. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ti wọ bàbá létí. Amirtham ní tirẹ̀ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ egbò, ó ń dì í bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Poongothai ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí láàárọ̀, wọ́n á sì ti parí kó tó dé lálẹ́.

"Appa, ṣé ẹ ń lò ó lóòótọ́?"

"Ṣé n ó máa parọ́ fún ọmọ mi ni? Wo ìgò."

Ìgò ti gbẹ. Ó gbé òmíràn wá.

Nígbà tó yá, egbò náà ń pa ojú dé. Dókítà wò ó títí, ó ní ọ̀rọ̀ gígé ti parí. Poongothai sunkún ayọ̀ nínú ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilamparithi, ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá ìwádìí, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fò dìde. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé àwa méjèèjì ni?" Ó tún jókòó. "Ó jiná lóòótọ́?"

"Bàbá mi ti ń tẹ òfì, sà."

Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pe àwọn èèkàn onímọ̀ láti ìlú Chennai kí wọ́n wá fojú rí i. Vaithilingam fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ gbọ̀ngàn nínú aṣọ funfun tó hun fúnra rẹ̀, àtẹ́wọ́ sì ń dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé títí bí wúrà ṣe ń wọ inú ẹran ara, bó ṣe ń bá kòkòrò jà níbẹ̀. Poongothai jókòó níwájú, orí rẹ̀ wú.

"Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ lẹ́nu ara yín," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Báwo lẹ ṣe ń fi wúrà yìí kun ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?" Vaithilingam pariwo, "èèwọ̀ o, ta ni í gbé wúrà, tí í ṣe òrìṣà Lakshmi ìyá ọrọ̀ fúnra rẹ̀, sí ẹsẹ̀? Iwájú orí ère rẹ̀ nínú yàrá àdúrà ni mo ń fi í kùn láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ọmọ mi ṣe wí, ẹ ò wá rí i bó ṣe gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi!"