Àwòrán Ìyá Kozue Tó Kù sí Sáfà Àtijọ́

Ẹ̀yin tí inú ń yára bí, ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Mo wà ní sáfà náà, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń pàdé, nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

1.
Ní ìlú Matsue ní Japan níbí, orí fóònù ni Kozue Inada ti ń ya àwòrán. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù, ojoojúmọ́ ló ń yà á: ìyá ń bó ọsàn, ìyá ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ọbẹ̀ míso tí kò níyọ̀, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Sáfà kékeré tí Bàbá Tokunaga, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń tọ́jú fún wa ló ń kó wọn sí. Ìyá kú. Kozue ra fóònù tuntun, ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣebí gbogbo àwòrán wà ní sáfà.

2.
A ní òfin kan: ẹni tó bá gbé àwòrán aláìsàn síta gbọ́dọ̀ bò ó, kí ẹni tó fẹ́ wò ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Kozue gbé àwòrán ọwọ́ ìyá rẹ̀ síta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ omi, kò bò ó.

Bàbá Tokunaga kọ̀wé sí i jẹ́jẹ́: "Kozue, jọ̀ọ́ bá wa bò ó. Àwọn míì ń ṣọ̀fọ̀ níbí."

"Kí n bo ìyá mi? Ṣé ó ti di ẹ̀gbin lójú yín ni? Ẹ máa fi sáfà yín sebẹ̀ jẹ. Mò ń kó lọ."

"Mi ò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀lé ọ nìkan ló máa bá ọ lọ, àwòrán kì í lọ. Kọ́kọ́ gba ẹ̀dà wọn, ọjọ́ méjì péré ni. Má sì pa àkáǹtì yìí rẹ́."

Kozue rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní bàbá arúgbó fẹ́ fi ọgbọ́n so òun mọ́lẹ̀.

3.
Ó kó lọ sí sáfà ńlá kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ti tẹ̀lé e débẹ̀. Orí rẹ̀ wú.

Teppei, àbúrò rẹ̀, bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àwòrán màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀. Ṣé ọjọ́ tí a kó wá sílé yìí, ọkọ̀ tó kẹ́rù wa kọ́ ló dé gbẹ̀yìn?"

Ló bá padà lọ pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́, kí nǹkan òun má bàa ṣẹ́kù lọ́wọ́ Bàbá Tokunaga. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tún bi í.

4.
Ọdún kan tí ìyá kú pé. Teppei ní kí ó mú àwòrán tí ìyá ti ń rẹ́rìn-ín wá, kí àwọn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tùràrí tí wọ́n ń sun fún òkú. Kozue wá a títí ní sáfà tuntun, kò rí ọ̀kan. Ó gbé àpò ìpápánu, ó lọ sílé Bàbá Tokunaga, ó forí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ̀dà kan ṣoṣo."

"Oṣù kan ni mò ń fi ẹ̀dà pamọ́, ọmọ mi. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Ẹ̀rọ bi ọ́ léèmejì, o dá a lóhùn léèmejì."

Fọ́tò ìwé ìwakọ̀ ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tùràrí, èyí tí ìyá ti pa ẹnu dé. Teppei wò ó pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rántí bí ẹ̀rín wọn ṣe rí mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó kúrò ní sáfà kan, ẹ gba ẹ̀dà ohun yín kí ẹ tó bínú, ẹ má sì fi ìbínú pa ilé àtijọ́ rẹ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pésẹ̀, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.